Ta Ló Ń Jẹ́ Àádọ́ta?

Ọjọ́ Ajé ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá tó wà ní àjà kejì ilé-iṣẹ́ omi bẹ̀rẹ̀ sí í sá níṣẹ́. Láàárọ̀, ara rẹ̀ á le ko ko. Ohun tí wọ́n bá rán sí i, á tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí aago méjìlá ọ̀sán bá ti lù, á dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ohun tí kò fẹ́ dáhùn. Iná ara rẹ̀ ń tàn, ìwé kún ikùn rẹ̀, síbẹ̀ gbogbo kọ̀ǹpútà ilé náà ń sọ pé àwọn ò rí i. Ẹ̀rọ tó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù, tí ọkùnrin mẹ́rin fi èébú gbé gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ tó dé, ni wọ́n ní àwọn ò rí.

Ẹni tí wọ́n ń pè tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ni obìnrin kan tí gbogbo ilé-iṣẹ́ mọ̀ sí Ìyá Wáyà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni, ó ga, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tó jẹ́ pé tó bá fẹ́ nàró, àfi kó kọ́kọ́ jáde. Òun nìkan ló ń tọ́jú gbogbo kọ̀ǹpútà ilé náà àti wáyà tó so wọ́n pọ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti fi kọ́gbọ́n kan: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń rántí pé èèyàn ló ń ṣe é, bó bá dúró pẹ́nrẹ́n, gbogbo ayé ló mọ ọ̀nà abẹ́ àtẹ̀gùn.

Lọ́jọ́ Ajé náà, ó fún ẹ̀rọ yìí ní oògùn àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé ó pa á, ó tún un tàn. Ó jí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó tún sùn lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó pààrọ̀ wáyà rẹ̀. Lọ́jọ́rú, ó tú ikùn rẹ̀ wò, ohun tó sì bá níbẹ̀ ni píìnì irun kan àti ìdajì lẹ́tà tí ẹnì kan fi fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, tó hàn gbangba pé onítọ̀hún ti yí ọkàn padà. Ó kó méjèèjì sápò, kò bi ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rọ náà ò tiẹ̀ wá síṣẹ́ mọ́ rárá. Àárọ̀ ò sí, ọ̀sán ò sí. Ọ̀gá àgbà bá pe ìpàdé.

Ó yẹ ká sọ díẹ̀ nípa ọ̀gá yìí. Ọ̀gá Ìpàdé ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, wọn ò sì parọ́ mọ́ ọn. Ó ti pe ìpàdé lórí ṣíbí mẹ́ta tó sọnù ní ilé ìdáná. Ó pe méjì lórí ológbò kan tó ń sùn ní yàrá àlejò. Ó sì pe ọ̀kan lórí ìdí tí àwọn èèyàn fi ń pẹ́ dé ìpàdé, èyí tí òun fúnra rẹ̀ pẹ́ dé. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn gbàgbọ́ pé bí nǹkan bá dojú rú, tí ogún èèyàn bá jókòó yí tábìlì ká fún wákàtí méjì, ojú á ti nǹkan náà, á sì tò fúnra rẹ̀.

Ẹni tó mú wá sípàdé ọjọ́ yẹn ni àbúrò ìyàwó rẹ̀ ọkùnrin, tó wọ kóòtù dúdú, táì, àti wésíkóòtù nínú ooru. Ọ̀gá ní amòye ni lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Amòye sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Gbogbo ohun tó sọ ò ju pé àwọn olè orí ẹ̀rọ láti òkè òkun ti wọ ilé-iṣẹ́ náà, pé inú wáyà ni wọ́n wà, àti pé àfi kí wọ́n gbé ohun kan wá tó ń jẹ́ ògiri iná. Ọ̀gá béèrè bóyá ògiri náà ò ní jó ilé. Olórí ẹ̀ka páìpù, ọkùnrin kan tí ẹnu ń yún, béèrè pé kí ló dé tí olè á fi la òkun kọjá wá, tí kò ní jí abẹ́rẹ́, tó jẹ́ pé pírìntà ni yóò wá máa dí lọ́wọ́ láti aago méjìlá sí aago mẹ́ta bí ẹni tó ń gbowó oṣù. Amòye ní ọgbọ́n àrékérekè wọn nìyẹn.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ọ̀gá ní ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ilé ló sùn tí olè fi wọlé. Ó kọjú sí Ìyá Wáyà, ó ní yóò gba kúẹ́rì. Kúẹ́rì ni ìwé tí wọ́n fi ń ní kí òṣìṣẹ́ wá sọ ìdí tí wọn ò fi gbọdọ̀ lé e. Òfin ilé-iṣẹ́ náà sì ni pé orí ìwé ló gbọ́dọ̀ wà, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Wọn kì í fi ẹnu ṣe é. Akọ̀wé ọ̀gá, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀rín-Ò-Wọ́pọ̀, ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọ̀gá tó parí gbólóhùn.

Ìyá Wáyà kó bírò rẹ̀ sápò. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ iyì iṣẹ́ rẹ̀ á mọ ìgbà tó yẹ kó pa á dé.

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà kọjú sí ilé wọn, débi pé àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń mọ ìgbà tí ìjà bá wà nínú ilé kí àwọn tó ń jà tó mọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ìyá yìí fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kò fẹ́ràn, nítorí kò tíì rí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un kó yé e. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà, bàtà ni Ìyá Wáyà ń bọ́ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà tí ìyá fi bi í léèrè.

“Ṣé wọ́n ti lé ọ?”

“Wọn ò tíì lé mi, Màámi. Wọ́n fẹ́ fún mi níwèé, ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi tẹ̀ ẹ́ ni ò ṣiṣẹ́.”

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ìyàwó òun má fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́ láéláé. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti kú, kò sẹ́ni tó lè lé e. Kó máa lọ síṣẹ́ lójoojúmọ́, kó máa dúró tì í, kó máa mi orí, títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì. Ìyá ọkọ ní ọgbọ́n ọmọ òun pọ̀, pé ara òun ló ti mú un.

Ìyá Wáyà rò ó. Mo máa parọ́ tí mo bá ní kò rò ó. Ó rò ó ní gbogbo ìgbà tó fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n kúẹ́rì gan-an kọ́ ló ń dùn ún. Ohun tó ń dùn ún ni pé ẹ̀rọ kan ti fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, àti pé ọkùnrin oníwésíkóòtù kan ti ṣàlàyé iṣẹ́ òun fún òun lójú ogún èèyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kò gun òkè lọ bá ẹ̀rọ náà mọ́. Ó tẹ orí ba wọ abẹ́ àtẹ̀gùn, ó jókòó, ó sì ṣe ohun tó yẹ kó ti ṣe láti ọjọ́ Ajé, ká ní kì í ṣe pé ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn. Ó ṣí ojú dúdú kọ̀ǹpútà rẹ̀, èyí tí kò ní àwòrán, tí kò ní ọ̀ṣọ́, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ sí i.

Orúkọ méjì ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nínú ilé náà. Àkọ́kọ́ ni nọ́ḿbà tí Ìyá Wáyà fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un, bí nọ́ḿbà yàrá nínú ilé tí wọ́n ń háyà. Ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la kó fi fún ẹlòmíràn. Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yìí parí sí àádọ́ta, nítorí náà Àádọ́ta ni Ìyá Wáyà ń pè é. Èkejì ni orúkọ àbísọ, tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ti tẹ̀ mọ́ ọn lára lọ́jọ́ tó ṣe é. Ó gùn, lẹ́tà àti nọ́ḿbà ló dà pọ̀ nínú rẹ̀, ti méjì kì í sì í bára mu. Bí kọ̀ǹpútà kan bá ní ohun tó fẹ́ rán sí Àádọ́ta, á kọ́kọ́ ké sínú wáyà pé, “Ta ló ń jẹ́ Àádọ́ta?” Ẹni tó ń jẹ́ ẹ á dáhùn pé, “Èmi ni, orúkọ àbísọ mi rèé.” Kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tó ní lápò, kò sì ní béèrè mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ yọjú wo ohun tó kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ bíńtín kan ni yóò tẹ̀ sójú dúdú yẹn.

Ìyá Wáyà tẹ̀ ẹ́: arp -a. Àwọn ẹ̀rọ tò wálẹ̀ ní ìlà-ìlà, nọ́ḿbà lápá òsì, orúkọ àbísọ lápá ọ̀tún. Ó fi ìka tọ ojú gíláàsì wálẹ̀ títí ó fi kan Àádọ́ta. Orúkọ àbísọ tó wà níwájú rẹ̀ parí sí 3b-e2.

Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó gun àjà kejì, ó fi àyà fà wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, níbi tí wọ́n lẹ orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́. Ekuru ti bò ó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. Ohun tó wà níbẹ̀ parí sí f4-09. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta, olórí ẹ̀ka páìpù tó ń kọjá lọ sì bi àwọn ẹsẹ̀ náà bóyá àwọn olè òkè òkun ló ti gbé ìyókù lọ. Àwọn ẹsẹ̀ ò dá a lóhùn.

Ó padà sísàlẹ̀. Ó tẹ arp -d pẹ̀lú nọ́ḿbà náà, ìyẹn ni pé kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ pa Àádọ́ta rẹ́ kúrò nínú ìwé, kó lè tún ké pè é. Ó ké. 3b-e2 ló jẹ́. Ó pa á rẹ́, ó tún ké. 3b-e2 ni. Ó ṣe é títí ó di ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni f4-09 jẹ́, ìyẹn náà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Ọ̀rọ̀ wá yé e. Ẹni méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti dàgbà. Kó tó nu ojú, kó tó wúkọ́, ẹnì kejì á ti dáhùn pé, èmi ni. Gbogbo ìwé tí àwọn èèyàn ń rán láti ọjọ́ Ajé, ilẹ̀kùn onítọ̀hún ni wọ́n ń lọ kàn, onítọ̀hún sì ń sọ fún wọn pé òun ò tẹ̀wé. Wọ́n á padà sẹ́yìn, wọ́n á tò, wọ́n á dúró de ìgbà tí ayé á dáa.

Apá ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àbísọ máa ń fi ilé tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ hàn. Ilé tí wọ́n ti ṣe èyí kì í ṣe pírìntà. Kọ̀ǹpútà kékeré ni wọ́n ń ṣe, irú èyí tí kò tóbi ju páálí ọṣẹ lọ, tí àwọn èèyàn ń so mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Inú Ìyá Wáyà dùn díẹ̀. Olè tó bá la òkun wá ò ní gbé irú páńtí bẹ́ẹ̀ dání.

Ó kù kó mọ ibi tó wà. Yàrá tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ni àpótí tí gbogbo wáyà ilé náà ti ń pàdé wà, tó ní ihò mẹ́rìnlélógún. Àpótí náà ní ìwé tirẹ̀, níbi tó ń kọ orúkọ àbísọ kọ̀ọ̀kan sí pẹ̀lú ihò tó ń gbà wọlé. Ìyá Wáyà bi í léèrè ọ̀rọ̀ 3b-e2, ó ní ihò kẹtàdínlógún ni. Ìwé kan yẹ kó wà lára ògiri tí yóò sọ ibi tí wáyà ihò kọ̀ọ̀kan lọ. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ eku ti jẹ ẹ́ láti mẹ́wàá dé ogún. Ìyá Wáyà kò dààmú. Ó di wáyà kẹtàdínlógún mú, ó fà á yọ, ó tẹ́tí.

Láti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti inú yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí, ohùn àgbàlagbà kan ta sókè.

“Ta ló já mi? Mo ti fẹ́ jọba!”

Bàbá Fáìlì ni. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló ti fi tọ́jú fáìlì nílé-iṣẹ́ náà, ó ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì. Látìgbà tí wọ́n ti kó gbogbo àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, èèyàn méjì péré ló ti wá béèrè fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ṣìnà ni, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń wá. Ìyá Wáyà bá a lórí àga tó fi tìmùtìmù sí, ó ti ṣí bọ́tìnnì ẹ̀wù mẹ́ta, awò ojú rẹ̀ wà níwájú orí. Láàárín àwọn fáìlì tí ara wọn ti pọ́n, ó gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan kalẹ̀, kọ̀ǹpútà tí kò ju páálí ọṣẹ lọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń ṣẹ́jú. Ọpọ́n dráàfù ló kún ojú tẹlifíṣọ̀n náà, ó dúró gbagidi.

Bàbá ò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó béèrè bóyá wáyà ló já ni àbí ẹnì kan ló já a.

“Èmi ni mo fà á, Bàbá.”

“Kí ni mo ṣe ọ́?”

Ìyá Wáyà jókòó sórí páálí fáìlì, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti ọjọ́ Ajé dé orí ìpàdé. Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ògiri iná. Nígbà tó gbọ́ ti kúẹ́rì, ẹ̀rín dá lẹ́nu rẹ̀.

Òun náà wá sọ tirẹ̀. Ọkọ ọmọ rẹ̀ tó ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù ló fún un ní ẹ̀rọ náà, ó sì ti fi eré dráàfù kan sínú rẹ̀ tí wọ́n ń bá àwọn èèyàn kárí ayé ta. Láti ọjọ́ Ajé, bí àwọn yòókù bá ti lọ jẹun lọ́sàn-án, Bàbá á so wáyà, á tàn án, á di aago mẹ́ta. Orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀ ni Ọ̀dọ́kùnrin Arẹwà. Ní Ọjọ́bọ̀, ìdíje ńlá bẹ̀rẹ̀, ni kò bá pa á mọ́ láti àárọ̀. Ẹni tó ń bá a ta lọ́wọ́lọ́wọ́ ni obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbọ́únjẹ nínú ọkọ̀ òkun, tí ẹnu rẹ̀ ò dáa.

Ti nọ́ḿbà ńkọ́? Lọ́jọ́ tó fẹ́ so ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ béèrè nọ́ḿbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá tẹ ọkọ ọmọ rẹ̀ láago, onítọ̀hún sì ní kó fi irú nọ́ḿbà tí àwọn ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ń lò sí i. Bàbá gun àjà kejì, ó sì rí nọ́ḿbà kan gàdàgbà níwájú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ìyá Wáyà ló fi yíǹkì dúdú kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kó má bàa máa kúnlẹ̀ wá a.

“Mo dà á kọ bó ṣe wà,” ni Bàbá wí. “Àmì tóótòòtó inú rẹ̀ pàápàá, n ò fo ọ̀kan. Mo rò pé nọ́ḿbà ilé wa ni, bí èyí tí wọ́n ń kọ sára géètì.”

Inú ń bí Ìyá Wáyà. Ó fẹ́ẹ̀ pàdánù iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá nítorí kí àgbàlagbà lè jẹ ọmọ dráàfù agbọ́únjẹ inú ọkọ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Bàbá wolẹ̀. Ó de bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní òun ń gòkè lọ bá ọ̀gá.

“Kí ni yóò fi mí ṣe? Oṣù mẹ́rin ló kù. Kí wọ́n tó kọ ìwé, kí wọ́n tó rí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, mo ti lọ.”

“Ẹ jókòó, Bàbá,” ni Ìyá Wáyà wí. Ẹ̀rín ti ń pa á, kò sì fẹ́ kó hàn.

Ó gba Àádọ́ta lọ́wọ́ ẹ̀rọ kékeré náà, ó fún un ní Ọgọ́ta, tí kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó lọ ki wáyà padà sí ihò kẹtàdínlógún. Nígbà tí ọpọ́n dráàfù fi máa ṣí padà, àkókò ti tán fún Bàbá, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé agbọ́únjẹ ló jẹ. Eré ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ta. Bàbá ti jẹ ọ̀kan tẹ́lẹ̀, ó wá ku ẹyọ kan. Bàbá wo Ìyá Wáyà bí ẹni pé òun ló pa ọba náà, ó sì fa àga mọ́ ara.

Ìyá Wáyà wà lórí àtẹ̀gùn nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jí. Ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó sì sáré gòkè. Gbogbo àjà kejì ti pé sí ìdí rẹ̀ bí ẹni tó wá kí abiyamọ. Ìwé àkọ́kọ́ jáde. Olórí ẹ̀ka páìpù tó rò pé ìròyìn òun ni gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: kí ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ṣàlàyé, láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ìdí tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò fi lè tẹ ohunkóhun. Ibẹ̀ ló ti rí orúkọ tó wà lókè ìwé, ó sì dákẹ́. Èkejì jáde. Kúẹ́rì ni. Ẹ̀kẹta jáde. Òun náà ni. Wọ́n ń jáde lọ báyìí, gbígbóná fẹlifẹli, títí wọ́n fi pé mọ́kànlá, kí ìròyìn páìpù tó tẹ̀ lé wọn.

Ẹ̀rín-Ò-Wọ́pọ̀ dé láti ọ́fíìsì ọ̀gá, ojú tì í.

“Ẹ má bínú,” ó wí. “Mo tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni. Mo rò pé kò gbọ́.”

Ó ṣa èyí tó mọ́ jù nínú mọ́kànlá, ó lu òǹtẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fà á fún Ìyá Wáyà. Mẹ́wàá tó kù, olórí ẹ̀ka páìpù kó wọn lọ, ó ní ẹ̀yìn wọn wúlò fún ìṣirò.

Ìyá Wáyà kò jókòó kọ èsì. Ó mú ìwé náà dání, ó wọlé tọ ọ̀gá lọ, Amòye sì wà níbẹ̀ tó ń ya àwòrán ògiri iná sórí ìwé. Ọ̀gá béèrè ibi tí àwọn olè òkè òkun wà. Ìyá Wáyà ní ẹnì kan ṣoṣo ni, òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ló wà, dráàfù ló ń ta. Kò fẹ́ dárúkọ Bàbá, ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo ló wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

Ọ̀gá dìde. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, Amòye ń tẹ̀ lé e, Ìyá Wáyà ń tẹ̀ lé Amòye, ó ń ro ohun tó máa sọ láti gba àgbàlagbà náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé, Bàbá ò dìde. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè pé kí wọ́n ṣe sùúrù fún òun. Èyí tó kù nínú mẹ́ta náà ló ń ta lọ́wọ́. Ọ̀gá la ẹnu. Ẹnu náà là sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde, nítorí ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí ọpọ́n.

“Bàbá, ẹ má gbé ìyẹn.”

“Èwo?”

“Èyí tó wà létí yẹn. Tẹ́ ẹ bá gbé e, á jẹ yín ní méjì.”

Bàbá wo ibẹ̀ dáadáa. Ó yí ọrùn padà, ó wo ọ̀gá láti orí dé bàtà, bí ẹni tí kò rí i rí láti ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́.

“Ta ló kọ́ yín?”

“Bàbá mi ni.”

“Ẹ fa páálí kan, ẹ jókòó. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o.”

Ọ̀gá fa páálí kan, ó jókòó. Ìpàdé kan wà ní aago méjì ọjọ́ náà lórí ọ̀rọ̀ ògiri iná. Àwọn èèyàn dúró dè é títí di aago mẹ́ta ààbọ̀, wọ́n sì tú ká ní jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó lọ wá a.

Bàbá jẹ agbọ́únjẹ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn jẹ ẹ́, Bàbá ò sì bá èèyàn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ọ̀gá fún un láyè láti máa ta eré rẹ̀ láti aago méjìlá sí aago méjì, lábẹ́ àbójútó ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, ìyẹn ni pé kó máa wà níbẹ̀. Ìpàdé ilé-iṣẹ́ náà já láti márùn-ún lọ́sẹ̀ sí méjì. Kúẹ́rì nìkan ni wọn ò rí fagi lé, nítorí wọ́n ti kọ nọ́ḿbà rẹ̀ sínú ìwé ńlá. Ìyá Wáyà fi ìlà kan péré dá a lóhùn: “Ẹ̀rọ méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan, mo ti yà wọ́n.” Ọ̀gá kọ “Mo ti rí i” sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Wáyà sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ nílé pé wọn ò lé òun mọ́, ìyá ní ó dáa, pé ṣùgbọ́n kí ni gan-an ló ń ṣe níbẹ̀?

Kò sẹ́ni tó sọ ti Amòye mọ́. Lọ́jọ́ Ajé kejì, òun fúnra rẹ̀ ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà abẹ́ àtẹ̀gùn. Wésíkóòtù ò sí lára rẹ̀ mọ́, ẹ̀wù funfun kan ló wọ̀ tó ti ká apá rẹ̀ sókè. 

“Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ tẹ̀ tí orúkọ wọn fi jáde?”

Ìyá Wáyà ti mú ọ̀rọ̀ burúkú kan sọ́wọ́ fún un láti Ọjọ́bọ̀, ó dán, ó mú. Ó wo ojú ọkùnrin náà, kò rí ibi tí yóò sọ ọ́ sí. Ọkùnrin náà ní ọdún mẹ́fà lòun ti wà láìníṣẹ́, pé pálọ̀ ẹ̀gbọ́n òun lòun ń jókòó sí, ó sì ti sú ẹ̀gbọ́n òun. Ẹ̀gbọ́n náà ló ra kóòtù, òun náà ló bẹ ọ̀gá ọkọ rẹ̀. Gbogbo ohun tí òun sọ nípàdé, òun kà á láàárọ̀ ọjọ́ náà nínú ọkọ̀.

Ìyá Wáyà sún. Ọkùnrin náà wọlé, ó fi orí gbá òkè àtẹ̀gùn bí gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, ó jókòó. Ìka kan ló fi tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kíní, kò fi àlàfo sí i, ojú dúdú ní òun ò mọ ohun tó ń wí. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tò wálẹ̀. Ó fara súnmọ́ wọn, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì.

Lẹ́yìn náà, Ìyá Wáyà fún un ní bírò àti ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ wáyà. Ó ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ihò kìn-ín-ní, kó máa tọ wáyà kọ̀ọ̀kan lọ títí dé ibi tó parí sí, kó kọ ọ́. Ọkùnrin náà béèrè bóyá gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún ni. Ìyá Wáyà ti kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà á. Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá Wáyà gun àjà kejì, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti abẹ́ tábìlì olórí ẹ̀ka páìpù, ekuru ti bo irùngbọ̀n rẹ̀, wáyà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí orí rẹ̀ gé wálá.

“Ìyá Wáyà, èyí ò lọ síbì kankan.”

“Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀,” ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.